Iké Tó Jáde ní Ìkàtẹ́

Ibi tí mo ń pè ní ilẹ̀ òkèèrè yìí, ọbẹ̀ tí ìyá mi bá sè láàárọ̀ ní Kétu lè dé ibẹ̀ lálẹ́ kó má tíì kan. Bàálù kọ́ ló gbé mi débẹ̀. N kò rí yìnyín. Èdè tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ ni wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀. Nítorí náà ojú máa ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ bí àárò ilé ṣe ń ṣe ènìyàn, torí mo ní ọ̀rẹ́ méjì nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta sùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Bóyá ohun tó mú tèmi nira ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé mo wà lẹ́yìn odi. Tí o bá ń sunkún ní Kánádà, wọ́n á ní ọmọ ọlọ́mọ, ó jìnnà sílé. Tí o bá ń sunkún ní Àjà, l'Ékòó, wọ́n á ní kí ló ń ṣe eléyìí?

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni wá nílé, Faransé ni wá nílé ìwé. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo kà gboyè, apá tó jẹ mọ́ ìràwọ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ìgbà náà ni olùkọ́ mi kan sọ fún mi nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nílẹ̀ òyìnbó, tó wá padà wálé dá ilé ìwádìí kékeré sílẹ̀ ní Ìkàtẹ́, ní Lẹ́kì. Ó ń wá ọ̀dọ́ kan tí yóò fi oṣù mẹ́fà dán wò. Tí iṣẹ́ onítọ̀hún bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbà á dúró. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dìgbòóṣe.

Mo kọ̀wé, ó sì gbà mí. Àbúrò bàbá mi ti bá mi wá iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nílé ìwé girama kan ní Kétu nígbà yẹn. Ó ní àwọn lè fi àyè náà sílẹ̀ dè mí títí ilé ìwé yóò fi wọlé, pé tí Èkó bá lé mi, kí n máa bọ̀. Mo fẹ́ kí ó yé yín pé n kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ tíṣà. Bàbá mi ṣe é títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ràn ìràwọ̀ láti kékeré, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá tún padà lọ́tẹ̀ yìí, màá máa fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ohun tí èmi fúnra mi kò gbójú fi ọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ kìíní tí mo jáde ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Rísì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo rọra lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti lè rí ọkọ̀ tí yóò gbé mi dé Ìkàtẹ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àǹtí, ṣé inú Bíbélì lẹ ti jáde ni? 'Tí yóò gbé mi dé'! Ẹ wọlé jàre, kí n gbé yín dé jọ́ńṣọ̀n. Ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀."

Gbogbo àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún nǹkan kan rọ. Mo ti rò pé èdè yẹn ni ìwé ìrìnnà mi. Mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi lójú ọ̀nà pé ó kéré tán, n kò ní dà bí àjèjì. Bí mo ṣe wá ń sọ ọ́ dáadáa tó ni wọ́n ṣe ń mọ̀ mí ní àjèjì tó. Yorùbá tiwọn kún fún òyìnbó, tèmi kò ní in. Tí mo bá sì wá òyìnbó díẹ̀ bù sí i, Faransé ni yóò jáde. Mo ní kí ẹnì kan yá mi ní bíkì, ó ń wo ẹnu mi títí mo fi nàka sí bírò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ mi ti di Kútọnu. Kétu kì í ṣe Kútọnu rárá, wọ́n jìnnà síra wọn dáadáa. Mo ṣàlàyé fún ẹni mẹ́ta. Mo jáwọ́.

Ọ́fíìsì wa wà lókè ilé alájà kan tí wọ́n ti ń gé àlùmíníọ́ọ̀mù fèrèsé nísàlẹ̀, nítorí náà ariwo ayùn ni a fi ń ronú. Àwa mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi, àti Bọ̀dá Káyọ̀dé. Bọ̀dá Káyọ̀dé ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò. Ó ga, ó máa ń fi ìka gbá tábìlì tó bá ń ronú, kò sì sí nǹkan tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, mo ń pè é ní sà nínú gbogbo gbólóhùn.

"Kútọnu, sinmi. Sà yẹn ti pọ̀ jù. Mo ti ń wo ẹ̀yìn mi bóyá bàbá mi ló wọlé."

N kò tètè sọ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́ torí mo máa ń bẹ̀rù pé yóò sú ènìyàn. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún, lórí fóònù, mo jókòó sórí yanrìn etí òkun ní Ìkàtẹ́ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ ilẹ̀ pupa ni mí, n kò rí òkun rí kí n tó dé ibẹ̀.

"Màámi, tí ìràwọ̀ ńlá kan bá kú . . ."

"Ìnná lílláhì! Níbo?"

"Lójú ọ̀run, mà."

"Háà, o já mi láyà. Mo rò pé ẹni tí a mọ̀ ni. Ó dáa, ó kú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Ó máa bú gbàmù. Ohun tó wà nínú ẹ̀ á tú jáde, á sì sáré lọ kọlu afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní òfuurufú. Afẹ́fẹ́ yẹn gbóná débi pé ó ti fọ́ sí èérún kéékèèké tó gbé iná sára. Pílásímà ni à ń pè é. Ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn dà bí ògiri, ògiri náà sì ń rìn. Ó máa ń gbá àwọn èérún yẹn síwá sẹ́yìn títí wọ́n á fi máa sáré bí ìmọ́lẹ̀."

"Ó máa ti rẹ̀ wọ́n."

"Kì í rẹ̀ wọ́n, mà. Òòfà ló kún inú ògiri náà, ó ń fa èyí sọ́tùn-ún, ó ń fa ìyẹn sósì. Gbogbo ìgbà tí òòfà bá yí èérún kan lọ́nà padà, ìmọ́lẹ̀ á ta jáde lára ẹ̀. Tí kò bá sóhun tó yí i lọ́nà, tó kàn ń lọ gbọnrangandan, kò ní tan ìmọ́lẹ̀ kankan."

"Ó wá dà bí agolo tí òkúta wà nínú ẹ̀. O ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ àfi tó o bá mì í."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màámi."

"Ìwọ wá ń ṣe kí ni níbẹ̀? Ṣé ìwọ lò ń mì í ni?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń ta àgbọn yíjú sí mi. Mo sọ fún un pé a kò lè dé ọ̀run, nítorí náà a ń fi nọ́ńbà kọ́ ògiri yẹn sínú kọ̀ǹpútà, a ó fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn orúkọ èérún yẹn, sínú ẹ̀, a ó máa tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn díẹ̀díẹ̀, a ó sì ṣírò irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò jáde. Tó bá bá ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ awò-ọ̀run rí mu, a jẹ́ pé a ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ṣé o ti jẹun?" ó ní.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé kò gbọ́ mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kàn fẹ́ fi ọwọ́ kàn mí, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà láti Kétu.

Àwọn nǹkan kékeré ló kọ́kọ́ mú mi dúró. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì ní Àjà bi mí ibi tí òun yóò ti sọ̀ kalẹ̀ tí òun bá ń lọ sọ́jà Ṣàngótẹ̀dó, mo sì mọ̀ ọ́n! Mo dá a lóhùn kíá, láìronú, mo tiẹ̀ tún kìlọ̀ fún un pé kó mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà torí omi wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, àǹtí mi." Kò bi mí pé ará ibo ni mí. Inú mi dùn títí mo fi délé, mo sì ń bá ara mi jà pé kí ló wà nínú ìyẹn tó tó inú dídùn báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ń lọ.

Iṣẹ́ wa ní ìṣòro kan tí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó kò ní. Ìṣírò kan lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó parí, iná Ìkàtẹ́ kì í sì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, ínfátà ni yóò gbé kọ̀ǹpútà náà dúró, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti gbó, ìgbà díẹ̀ ló lè forí tì í, gbogbo rẹ̀ á sì ti kú kí a tó tan jẹ́ńẹ̀rétọ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe ń sáré tó sílẹ̀, kí ó lè máa bá iṣẹ́ lọ tí iná bá dé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà pọ̀ bí yanrìn, kò ráyè kọ wọ́n tán. Bọ̀dá Káyọ̀dé ló wá ọgbọ́n sí i. Àwọn nọ́ńbà wa gùn, ó wá gé ìrù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà lẹ́yìn pátápátá, kúrò kí ó tó fi wọ́n pamọ́. Báyìí ni ó ń ráyè kọ gbogbo wọn kí bátìrì tó kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Tí àlejò bá wá, ó máa ń ní kí Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣàlàyé ẹ̀.

"Wọn ò lè kọ́ yín ní èyí ní òkè òkun," Bọ̀dá Káyọ̀dé á ní. "Iná wọn kì í lọ, báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́n?"

Oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀ ni iké náà jáde. Tí a bá ya ìmọ́lẹ̀ tí a ṣírò sórí ìwé, ìlà kan ni, ó máa ń gòkè, lẹ́yìn náà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ òkè. Lọ́jọ́ yẹn, bí ìlà náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó ṣàdédé tún wú sókè lápá ọ̀tún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù wà, bí iké ẹ̀yìn arúgbó. Èmi ni mo yà á. Mo pe Bọ̀dá Káyọ̀dé, òun pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Kí lẹ fi sínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tuntun, mà. Ṣe la kàn jẹ́ kó pẹ́ sí i."

Kò sí ìwé tí a kà tó ní irú iké bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rìn lọ síbi fèrèsé, ó padà. N kò rí i kí ó máa rìn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ní òun yóò kó àwọn ẹlẹgbẹ́ òun jọ lórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé èmi ni kí n fi iké náà hàn wọ́n. "Lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ sọ̀rọ̀ ìdúró rẹ. Má fòyà."

Mo pe ìyá mi láti orí àtẹ̀gùn. N kò lè dúró délé. Ó ké Allahu Akbar, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí padà pé òun ti lọ bá àbúrò bàbá mi, òun ti sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ tíṣà yẹn fún ọmọ ẹlòmíràn, torí ọmọ òun ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí lójú ọ̀run. Wọ́n sì ti fún ẹlòmíràn.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe rí nìyẹn, tí ohun rere bá ti tóbi ju ọwọ́ mi lọ, ń ṣe ni mo máa ń wo ìdí rẹ̀ bóyá ó jò. Mo ti bi ara mi bóyá ìwà àìmoore ni. N kò rò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo fẹ́ràn iké yẹn, mo sì fẹ́ mọ ibi tó ti wá kí n lè máa dáhùn tí wọ́n bá béèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí ọ́fíìsì lémi nìkan. Dípò kí n wo gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lápapọ̀, mo mú ẹyọ kan, mo ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀. Ó ń rìn, òòfà ń yí i, ó ń tan ìmọ́lẹ̀, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, ní ibì kan tí òòfà kò ti sí lára rẹ̀ rárá, ó ta kébé, bí ẹni tí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbún. Ìmọ́lẹ̀ gbígbóná kan bù jáde. Mo wo òmíràn. Òun náà ta kébé. Gbogbo wọn ni, nígbà kan náà. Mo wá wo àkókò tó wà lára iṣẹ́ náà, mo rí i pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iná lọ ni.

Nígbà tó yá, mo ṣe ohun tó rọrùn jù tí mo lè ronú kàn. Mo fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo sínú òfìfo, kò sí òòfà, kò sí ògiri, kò sí ohunkóhun tó lè yí i lọ́nà. Irú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ láé. Mo dá a dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún dá a dúró. Ó tàn.

Ìrù nọ́ńbà ni. Ohun tó bá ń sáré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, ìwọ̀nba tó fi kù kí ó bá a dọ́gba kéré púpọ̀, inú ìrù nọ́ńbà náà ló ń gbé. Tí o bá gé ìrù yẹn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn lo gbé padà sójú ọ̀nà. Ìṣírò wa rò pé nǹkan kan ló gbún un, ó sì ṣírò ìmọ́lẹ̀ fún un. Iké wa kò sí lójú ọ̀run. Iná tó ń lọ ní Ìkàtẹ́ ló kọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àǹtí Rísì bá mi lórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà nígbà tó dé láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Ojú mi wú.

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá, àǹtí."

"Ṣé o lóyún ni?"

"Àǹtí!"

"Mo kàn bi ẹ́ ni. Kí wá ló dé?"

"Ìmọ́lẹ̀ kan tí a rí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rí. Ọ̀la-ọ̀túnla ni wọ́n sì fẹ́ kí n lọ fi hàn."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó gbé orí mi lé èjìká rẹ̀ tó ń rùn fún àlùbọ́sà. "Wọ́n ti fún ẹlòmíràn níṣẹ́ yẹn nílé, àbí?"

"Wọ́n ti fún un."

"Ta ló tún mọ̀ pé kò sí níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

Mo mọ ohun tó ń rò, torí èmi náà ti rò ó ní gbogbo ojú ọ̀nà láti Ìkàtẹ́. Mo lè fi iké náà hàn wọ́n. Yóò tó ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó wádìí rẹ̀ dé ìdí, wọ́n á ti gbà mí dúró nígbà yẹn. Mo fẹ́ sọ pé ìwà rere ni kò jẹ́ kí n ṣe é, ṣùgbọ́n ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi ilé sílẹ̀ torí kí n lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Tí mo bá wá ń parọ́ nípa ẹ̀, kí ni mo wá ṣe níbí?

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ènìyàn kì í lọ fi ẹjọ́ àgbà sun ọ̀gá kí ó tó bá àgbà náà sọ ọ́. Nítorí náà Bọ̀dá Káyọ̀dé ni mo kọ́kọ́ lọ bá lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo kúnlẹ̀.

"Kútọnu, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Iké yẹn kì í ṣe òótọ́. Ìrù tí ẹ gé ló fà á."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò bá a rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó jẹ́ pé àná yìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan jẹ́ńẹ̀rétọ̀, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ?"

"Rárá, sà."

"Dìde nílẹ̀, o ń kó mi láyà sókè. Ṣó o mọ̀ pé iké yìí ló máa jẹ́ kí màmá yìí gbà ẹ́ dúró? Tó o bá pa á, kí lo máa mú síwájú wọn? Ọwọ́ lásán?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ sáà bá mi wò ó."

Mo fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú òfìfo náà hàn án. Ó dá a dúró fúnra rẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tàn. Ó tún un ṣe. Ó tún tàn. Ìka rẹ̀ tó ń gbá tábìlì dúró. Ariwo ayùn ń wọlé láti ìsàlẹ̀. Mo retí pé yóò lé mi síta, ṣùgbọ́n ó kàn fi ọwọ́ nu ojú.

"Ó mà ti pẹ́ tí mo ti ń fi nǹkan yìí yangàn o," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde. "Ó yá, jẹ́ ká lọ. Mi ò ní jẹ́ kó o dá wọ yàrá yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ wa títí, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wa. Ó ní kí a gbé e wá kí òun fi ojú ara òun rí i. Nígbà tó rí i, ó wo àwòrán iké tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ó rọra já a, ó ká a, ó fi sínú àpò rẹ̀. Ó dùn mí ju kí ó bú mi lọ. Ó bi mí ìgbà tí mo mọ̀, mo sọ fún un. Ó bi mí kí ni mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹnu mi sì tú, gbogbo rẹ̀ ló jáde: iṣẹ́ tíṣà tó ti lọ, ìyá mi tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò, pé n kò mọ ibi tí mo lè padà sí láìsí pé ojú tì í nítorí mi. Bọ̀dá Káyọ̀dé ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mi ò lè gbà ẹ́ dúró torí pé o sọ òótọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Òótọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe iṣẹ́. Màá sún ìpàdé yẹn síwájú. Ẹ lọ tún ọ̀nà ìpamọ́ yìí ṣe. Ọjọ́ tí iná bá lọ tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú òfìfo yìí kò tan ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn la máa sọ̀rọ̀."

Oṣù kẹfà mi ti ń lọ sópin. Èmi àti Bọ̀dá Káyọ̀dé gbé àga sún mọ́ra, a ń jà. Ó ní tí a kò bá gé ìrù, bátìrì kò ní dúró dè wá. Mo ní kí ló dé tí a fi ń dúró kí iná lọ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù? Ká máa fi wọ́n pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà, tòun tìrù wọn, kó jẹ́ ìwọ̀nba ló máa kù nílẹ̀ tí iná bá lọ. Ó ní ìyẹn á fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Mo ní ó sàn kó falẹ̀. Ó wò mí.

"Àṣé o lẹ́nu báyìí. Sà dà?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Nígbà tó ṣetán, a fi ọwọ́ pa iná fúnra wa, ó yege. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun kò ka ìyẹn sí. Ó ní iná tí ènìyàn fọwọ́ pa kò dà bí iná tó lọ, pé iná tòótọ́ máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́jú, á fà sẹ́yìn, á tún padà, kí ó tó lọ. Ó fẹ́ kó bá wa lójijì. A bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de iná kó lọ.

Kò lọ. Ẹ gbà mí gbọ́. Iná tó ń lọ lójoojúmọ́, ó dúró gbagidi. Àwọn tó ń gé àlùmíníọ́ọ̀mù ń kọrin nísàlẹ̀.

"Gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́, èmi nìkan ni mò ń gbààwẹ̀ kó lọ," Bọ̀dá Káyọ̀dé ní. "Kútọnu, ṣé ẹ ò ní àdúrà kan ní Kétu?"

Ó pe ilé mi ní Kétu. N kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo gbọ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú yàrá wa, ó ń bù tíì, kí gílóòbù orí wa tó ṣẹ́jú. Ó fà sẹ́yìn, ó pọ́n, ó padà, ó tún pọ́n. Ayùn ìsàlẹ̀ rọ, ó dákẹ́. Àwọn kan kígbe "Háà!" lójú títì. Ínfátà wa ń ké. Lẹ́yìn náà bátìrì kú, ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ti sáré lọ sí ìdí jẹ́ńẹ̀rétọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tàn padà, Ọ̀jọ̀gbọ́n sún eku rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo ya ọ̀nà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà. Mo wá ibi tí iná ti lọ, n kò rí i. Mo sún àwòrán náà mọ́ra, mo tún sún un mọ́ra. Ìlà kan gbọnrangandan ni, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Mo ya ìmọ́lẹ̀ rẹ̀: òdo.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ti dé lẹ́yìn wa, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ́ìlì. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Kò tiẹ̀ mọ̀ pé iná lọ," ó ní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ dígí rẹ̀, kò sì nù ún. Mo ń retí kí ó sọ̀rọ̀ ìdúró mi, mo ti ń to ohun tí màá sọ tó bá ní rárá jọ lọ́kàn mi, àti ohun tí màá sọ tó bá ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú fóònù mi lórí tábìlì, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Pe ìyá rẹ. Sọ fún un pé níbí lo máa dúró sí."

Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tí Màámi fi gbé e.